Ìlà Kan Tí Mo Fò

"Wò ó, iná fóònù rẹ̀ tún ti ṣẹ́jú," ni mo sọ sí Àwàdà létí. "Wò ó dáadáa. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì?"

Àwàdà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó sẹ́yìn, na ọrùn. Ọmọbìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Akọ̀wé jókòó síwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Tíṣà. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó bojú wo fóònù náà, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì tún gbé ojú sókè wo ẹnu Tíṣà.

"Ṣebí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn ni," Àwàdà dá mi lóhùn. "Fóònù yẹn ló ń bá a kọ ohun tí Tíṣà ń sọ. Bí nǹkan bá wọlé sí i, iná ló máa ń ṣẹ́jú fún un, nítorí kò lè gbọ́ agogo."

"Ohun tí wọ́n sọ fún ọ nìyẹn."

"Wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo wa. Pírínsípà ló sọ ọ́ níbi àpéjọ àárọ̀."

"Ìwọ náà ṣáà máa ń gba gbogbo nǹkan gbọ́."

Bí mo ṣe rí nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Màámi tó ń ránṣọ máa ń pè mí ní Ọlọ́fìn-íntótó. Wọ́n ní bí àlejò bá wọlé, tó ní òjò ń rọ̀ níta, èmi á ní kí ó dúró ná, kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ bóyá ó tutù. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣebí àwọn àgbà náà ló sọ pé ìfura loògùn àgbà. Wọ́n ní àjà ò fura, àjà jìn. Onílé tí kò bá fura, olè ni yóò kó o. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fa ìfura mi. Láti kíláàsì kìíní ni mo ti ń gba ipò kìíní. Kíláàsì kẹrin ni Akọ̀wé dé ilé ìwé wa, ó sì gba ipò náà lọ́wọ́ mi kí a tó mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Àìsàn ló dí i létí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò dí i lẹ́nu. Ó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa, àfi pé ohùn rẹ̀ máa ń lọ gbọọrọ, kò ní gòkè, kò ní sọ̀. Bí o bá kọjú sí i, á ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ. Bí o bá kọ̀yìn sí i, fóònù ló kù tó gbójú lé, fóònù náà kò sì gbọ́ èdè wa dáadáa: nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, bóyá ló kọ mẹ́rin bó ṣe yẹ. Ìyókù, ó ń dá a sọ ni. Mo wá ń bi ara mi pé, ẹni tó gbọ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá, báwo ló ṣe fi máàkì mọ́kànlá jù mí lọ? Kò sí bí mo ṣe rò ó tí kò já sí màgòmágó.

Ohun kan tún wà níwájú wa ní ọdún náà. Ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ńlá kan máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ́dọọdún láti ilé ìwé wa. Wọ́n á fún un ní yàrá, wọ́n á fún un ní ìwé, láàbù wọn sì tóbi ju gbogbo ilé ìwé wa lọ. Láti kékeré ni mo ti ń lálàá ibẹ̀. Ìdánwò báyólójì ìparí sáà náà ni wọ́n máa fi yan ẹni tó máa lọ. Àyè kan ṣoṣo ni, Akọ̀wé tàbí èmi, gbogbo kíláàsì ló mọ̀.

Ìjì ti ká òrùlé láàbù wa lọ, àwọn káfíńtà sì ń tún un ṣe. Tíṣà báyólójì wá wá ọgbọ́n dá. Ó ń ṣe gbogbo ìdánwò inú láàbù tó yẹ ká fojú rí ní igun kan nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó ń ya á sí fídíò, ó sì ń gbé e sí ojú ewé ilé ìwé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí a lè máa wò ó nílé. Fídíò àkọ́kọ́ jáde, ẹ̀rọ sì fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ha! Tíṣà ń sọ̀rọ̀ gbòǹgbò igi, ẹ̀rọ ń kọ orúkọ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín yẹn ni òun ní láti fi kẹ́kọ̀ọ́.

Tíṣà pè mí lọ́jọ́ kejì. "Ìwọ lo yára jù lọ nídìí kọ̀ǹpútà, etí rẹ sì mú," ó ní. "Máa gbọ́ fídíò mi, kí o sì máa kọ ohun tí mo bá sọ sísàlẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Ìyẹn ni Akọ̀wé á fi máa bá wa lọ."

"Èmi, sà?"

"Ìwọ. Àbí o ní iṣẹ́ mìíràn?"

Mo wo ojú Tíṣà bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ilé ìwé, kí ló dé tó jẹ́ pé èmi tí mò ń bá ọmọbìnrin yìí du àyè ni ó ní kí n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ fún un? Ṣùgbọ́n a kì í kọ̀ fún Tíṣà. Mo ní ó dáa, sà.

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ó fa àga tì mí ní yàrá kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ilé ìwé parí lọ́sàn-án. "Má ko ọ̀rọ̀ jọ sójú kan," ó ní. "Ìlà kan tàbí méjì tó. Jẹ́ kó dúró títí ojú á fi kà á tán kí òmíràn tó dé. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò bá sí nínú àwòrán, kọ ẹni tó jẹ́. Bí nǹkan bá hó, tàbí tó fọ́, kọ ìyẹn náà."

"Kí lo fẹ́ fi híhó ṣe?" mo bi í.

"Mi ò lè mọ̀ pé omi ti hó bí mi ò bá rí i. Ìwọ á gbọ́ ọ. Èmi, àfi kí o sọ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín padà. Kí ló dé tó ń ṣe dáadáa sí mi tó báyìí? Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọ́n jọ ń du nǹkan, ó ní ohun tó wà lápò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, ẹ má bínú.

Mo kọ fídíò mẹ́rin láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Tíṣà yẹ èyí àkọ́kọ́ àti ìkejì wò, ó ní kò sí àṣìṣe kankan, kò sì yẹ ìyókù wò mọ́. Èmi ì bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Fídíò karùn-ún ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìdánwò ewé ni, bí a ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ tí à ń pè ní sítáàṣì wà nínú ewé. Tíṣà ti ewé bọ omi híhó. Ó yọ ọ́, ó fi sínú ife sípírítì, ó sì gbé ife náà sínú omi gbígbóná títí àwọ̀ ewé fi ṣí kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí abọ́ omi kan tó wà lábẹ́ tábìlì. Nínú àwòrán, àtàrí rẹ̀ nìkan ni a ń rí. Ibẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ tún ti ewé náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Sípírítì ti mú kó gan. Omi yìí ló máa rọ̀ ọ́, tí oògùn fi máa wọ inú rẹ̀." Ó dìde, ó tẹ́ ewé náà sórí àwo funfun, ó kán oògùn áyódínì sí i, ewé sì di dúdú.

Ọwọ́ mi dúró. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá kọ̀ǹpútà, fáànù ń yí gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lókè orí mi. Mo dá fídíò náà padà. Mo wò ó láìsí ohùn. Kò sí ohun tó fi hàn pé Tíṣà sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò hàn, abọ́ omi kò hàn. Ṣé ẹ rí i, mi ò jí nǹkan rí. Mi ò jíwèé wò rí. Mo wá ń bá ara mi sọ̀rọ̀ pé: mi ò ní parọ́, mi ò ní kọ ohun tí Tíṣà kò sọ. Ìlà kan ni mo kàn máa fò. Bí ó bá mọ̀wé tó bí gbogbo ayé ṣe ń sọ, ṣé ìlà kan ló máa dí i lọ́nà? Tí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ló ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ìlà kan kò ní ṣe é ní nǹkan kan. À á kúkú wá mọ òtítọ́.

Mo kọ "Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀" síbẹ̀. Òtítọ́ ni, àbí kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni? Mo gbé e sí ojú ewé ilé ìwé, mo sì kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Ọjọ́ kejì, Akọ̀wé dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. "Nígbà tí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú fídíò karùn-ún, ó pẹ́ kó tó dìde," ó ní. "Ǹjẹ́ ó sọ nǹkan?"

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi. Ẹ̀yin tí etí yín gbọ́, ẹ kò mọ bó ṣe rí kí ẹnì kan máa wo ẹnu yín nígbà tí ẹ fẹ́ parọ́. "Rárá," mo ní. "Ó kàn ń wá àwo ni."

"O ṣeun," ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìfura mi ti kúrò ní eré. Bí ó bá dúró ti Tíṣà, mo ti ní ó ń fi ẹjọ́ mi sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yọjú wo yàrá kọ̀ǹpútà láti ojú fèrèsé, mo sì rí i tó gbé fóònù rẹ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà jáde. Fídíò karùn-ún ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ibi tí Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an. Ó ń fẹ́ kí fóònù gbọ́ ọ fún òun. Ó ka ohun tí fóònù kọ, ó mi orí, ó tún dá a padà, ó tún kà á. Nígbà tó yá, ó sú u, ó pa kọ̀ǹpútà. Ìkọkúkọ ni fóònù ń kọ. Mo mí kanlẹ̀. Ojú sì tún tì mí pé mo mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó tì mí kò mú mi wọlé lọ bá a.

Wọ́n parí òrùlé láàbù ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Àwa mẹ́tàlélógójì la wọlé, oníkálukú pẹ̀lú ewé, sípírítì àti áyódínì tirẹ̀. Wọ́n ní ká ṣe ìdánwò ewé, ká sì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí a fi ṣe é. Nínú ilé ìdánwò, fóònù Akọ̀wé nìkan ni wọ́n gbà láyè, kí ó lè ka ohun tí alábòójútó bá sọ fún wa. Nígbà tó kan ibi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, mo ti ewé mi bọ̀ ọ́, ó rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo gbé ojú sókè wo Akọ̀wé. Kò bọ̀ ọ́ sómi. Ó tẹ́ ewé rẹ̀ sórí àwo bẹ́ẹ̀, ewé náà sì ya kẹ́rẹ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ni mo bá tún gbọ́ kẹ́rẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ewé Àwàdà ti pín sí mẹ́ta. Kẹ́rẹ́ lọ́tùn-ún, kẹ́rẹ́ lósì, kẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Gbogbo láàbù ń fọwọ́ to ewé tó ti fọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń to àwo fífọ́. Akọ̀wé ni kò gbọ́ràn. Kí ló ṣe àwọn ìyókù?

Ọjọ́ kẹta ni Tíṣà kó ìwé wa wọlé. Kò kí wa. Ó ju ìwé náà sórí tábìlì. "Ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fo ìgbésẹ̀ kan náà," ó ní. "Kì í ṣe pé ẹ fò ó nìkan. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ fi kọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Ta ló kọ ọ́ fún yín?"

Oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnì kejì rẹ̀ tìfura-tìfura. Wọ́n pe Pírínsípà wá, wọ́n tú àpò wa wò, wọ́n tú dúrọ́ọ̀ tábìlì wa wò. Àwọn tó jọ ń pín búrẹ́dì jẹ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara wọn sùn. Nígbà tó yá, ẹnì kan láàárín kíláàsì pariwo pé, "Ta ló mú fóònù wọ ilé ìdánwò?" Gbogbo ojú yí sí iwájú. Akọ̀wé ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un, Pírínsípà ti na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀, ó sì gbé e lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, òun ni mo fi ń gbọ́ràn," ó ń wí tẹ̀lé Pírínsípà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe?"

Pírínsípà dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó kọ̀yìn sí i.

Àwàdà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìn náà. "Nínú gbogbo àwa tó ń jókòó sẹ́yìn, ìwọ nìkan lo ti ewé bọ omi," ó ní. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Tíṣà ló sọ ọ́ nínú fídíò."

"Irọ́ ni. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀."

"O kà á? Ìwọ tí etí rẹ gbọ́ràn dáadáa, kí lo ń kà á fún?"

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Bàbá mi máa ń sùn lọ́sàn-án kó tó lọ ṣọ́ ilé iṣẹ́ wọn. Ta ló máa tan ohùn sókè nínú yàrá kan? Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wálé, ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Àwọn mìíràn ń dá fídíò dúró, wọ́n ń da ọ̀rọ̀ rẹ kọ sínú ìwé." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Gbogbo kíláàsì ló ń kà á. À ń yìn ọ́ pàápàá. A ní tìrẹ yé wa ju ti Tíṣà fúnra rẹ̀ lọ."

Mo rò pé ọ̀nà ẹnì kan ṣoṣo ni mo dí. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá.

Àwàdà kàn ní, "Hùn-ún," ó sì lọ.

Nílé ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ti Màámi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Màámi, tí ènìyàn bá fo nǹkan, tí kò sọ ọ́, ṣé ó parọ́ ni?"

Wọn kò gbé ojú sókè. "Bí mo bá rán ẹ̀wù oníbàárà, tí mo fo abíyá rẹ̀, ṣé mo rán an?"

"Ṣùgbọ́n ẹ kò parọ́ fún un."

"Jẹ́ kó na ọwọ́ sókè láàárín èrò, kí o wá bi í bóyá mo parọ́." Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n wá wò mí. "Ọlọ́fìn-íntótó, abíyá ta lo fò?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní kò sí nǹkan kan. Màámi ní, "Ó dáa. Bí kò bá sí, má sunkún. Bí ó bá wà, lọ tún un rán kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ jáde."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì Pírínsípà. Mo rò pé Àwàdà ti tú mi fó. Rárá o. Akọ̀wé wà níbẹ̀, Tíṣà wà níbẹ̀, fóònù sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí Pírínsípà tì pa. Tíṣà àti Pírínsípà ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Akọ̀wé ń yí orí láti ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹnì kejì bí ẹni tí ọ̀nà dà rú mọ́ lójú.

"Jókòó tì í," Pírínsípà sọ fún mi, ó na bébà àti bírò sí mi. "Ìwọ lo máa ń kọ ọ̀rọ̀ fún un. Kọ gbogbo ohun tí a bá sọ, má fo ọ̀rọ̀ kan."

Mo ń kọ, Akọ̀wé ń kà á. Mo kọ ọ́ pé àwọn fura sí i. Mo kọ ọ́ pé òun nìkan ló ní fóònù nílé ìdánwò.

"Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni," Akọ̀wé ní. "Mi ò mọ̀ pé omi kan wà tí ó yẹ ká ti ewé bọ̀. Nígbà tí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú fídíò, mo bi ẹnì kan léèrè bóyá wọ́n sọ nǹkan. Ó ní rárá."

Tíṣà gbé ojú sókè. "Mo sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ta lo bi?"

Mo kọ ọ́. Akọ̀wé kà á. Ó wo ọwọ́ mi, ó wá wo ojú mi. Ó ní, "Mi ò ní sọ, sà. Mi ò ní ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé òun náà kò gbọ́ ọ. Ẹ̀yin fura sí mi láìsí ẹ̀rí, mo sì ti rí bó ṣe ń dunni. Mi ò ní ṣe é fún ẹlòmíràn."

"Bí ìwọ kò bá ní sọ, a ó yọ orúkọ rẹ kúrò," ni Pírínsípà wí. "Kọ ọ́ fún un."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mo kọ "a ó yọ", ọwọ́ mi kò lọ mọ́. Èmi tí mo ti fi ọdún kan fura sí i, kò sí ẹ̀rí kan tí mo ní rí. Òun tó ní ìdí láti fura sí mi, ó ń bò mí láṣìírí. Ojú ara mi tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Mo fa ìlà kọjá lórí ohun tí mo kọ, mo sì kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: "Tíṣà sọ̀rọ̀. Ó ní ká ti ewé bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó nítorí mo fẹ́ gba àyè rẹ. Nígbà tí o bi mí, mo parọ́ fún ọ."

Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo. Ó ti bébà náà síwájú Pírínsípà. "Ẹ bá mi kà á, mà," ó ní. "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í kà."

Mi ò lè sọ gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá fóònù rẹ̀ padà fún un, Pírínsípà sì kọjú sí i dáadáa kó tó bẹ̀ ẹ́. Tíṣà kò bá mi wí. Ó ní, "Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ," ó sì jáde. Ì bá sàn kó nà mí. Wọ́n fagi lé ìdánwò gbogbo kíláàsì. Wọ́n kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì náà pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ká fi tún un ṣe, àwọn yẹn ní ọjọ́ ti kọjá. Ẹnikẹ́ni kò lọ láti ilé ìwé wa lọ́dún náà. Mo pàdánù àyè náà, mo sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí. A kò lè dá a padà fún un mọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè tún un ṣe.

Mo rò pé wọ́n á gba iṣẹ́ ìkọ̀wé fídíò lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé ló ní kí wọ́n má gbà á. "Òun ló mọ̀ ọ́n kọ jù," ó sọ fún Tíṣà. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ tẹ̀lé e, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ tó gbé e jáde." Àwàdà ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Ó máa ń jókòó tì mí, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kékeré kan létí rẹ̀, ìka rẹ̀ lórí ìlà, ojú rẹ̀ lára mi. Tí mo bá lọ mu omi, á dúró kí n dé. Mi ò bínú sí i.

Lọ́jọ́ tí a parí fídíò karùn-ún ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo dúró níwájú Akọ̀wé, mo kọjú sí i kó lè rí ẹnu mi. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí," mo ní.

Ó ronú sí i. "Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà ọ́ gbọ́. Méjì ni wọ́n, wọn kì í dé lọ́jọ́ kan náà."

Ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Èmi náà padà sídìí iṣẹ́ mi, Àwàdà sì fa àga tì mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ìfura dára láti fi ṣọ́ ilé ara ẹni, ṣùgbọ́n kò dára láti fi gbé ẹlòmíràn jù sínú kòtò. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ràn fún ẹni tí kò lè gbọ́, tàbí tí ó ń ríran fún ẹni tí kò lè ríran, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Kò ní ẹ̀tọ́ láti yan èyí tó máa fi jíṣẹ́ àti èyí tó máa gbé mì. Tí wọ́n bá ní kí o sọ ọ́, sọ ọ́ pé.